Ohun tí Bàṣírátù Lọ Kọ́ ní Áyálàǹdì

Láti ìgbà tí mo ti Áyálàǹdì dé, n kò lè rìn láti ilé dé mọ́ṣáláṣí kí ẹnì kan má dá mi dúró. Wọn kì í béèrè bóyá òtútù mú mi. Wọn kì í béèrè bóyá ara mi ti balẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: "Tíṣà, kí ni ọmọ yẹn tiẹ̀ ń kọ́ gan-an?" Oníkẹ̀kẹ́ tó gbé mi láti gáréèjì béèrè, ó tilẹ̀ yíjú sẹ́yìn láti béèrè, kẹ̀kẹ́ sì ń sáré lọ. Mo ní kó kọjú síwájú ná. Ìyá tó ń ta ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà wa béèrè. Ọkùnrin kan tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹta, tí kò dáhùn ìbéèrè mi kankan rí ní gbogbo ọdún tó fi jókòó níwájú mi, òun náà béèrè. Ó ti sú mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá tún fẹ́ béèrè lọ kà á.

Ọmọ ọmọ mi ni Bàṣírátù. Kàmórù, àkọ́bí mi, tí ó ń ta páànù àti ìṣó ní Ẹdẹ níbí, ni baba rẹ̀. Ó ti pé ọdún kan tí ọmọ náà ti wà ní yunifásítì kan ní Áyálàǹdì, gbogbo wa sì gbà pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló lọ kọ́. A ti ń pè é ní Nọ́ọ̀sì nínú agbo ilé. Ìgbà tó yá ni a gbọ́ pé kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Orúkọ ohun tó ń kọ́ gùn lédè Gẹ̀ẹ́sì débi pé kí èèyàn tó pè é tán, ẹni tó béèrè á ti gbàgbé ìdí tó fi béèrè. Lédè tiwa, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ọmọ ènìyàn ni, ṣùgbọ́n wọn kò yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n da ìtàn, ọrọ̀ ajé, òfin, àṣà, ìṣèlú àti ìṣirò pọ̀, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi gbogbo wọn wo ọ̀rọ̀ kan.

"Àmúlùmálà!" Kàmórù ké. "Bàbá, àmúlùmálà ni wọ́n ń kọ́ ọmọ mi!"

Mo tọ́ ọ sọ́nà pé a kì í pe ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Jọ́gíráfì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ. Ní ilé ẹ̀kọ́ tiwa, jọ́gíráfì a parí, ìtàn a bẹ̀rẹ̀. Bí tíṣà ìtàn bá bá mi nínú kíláàsì, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí títí n ó fi pa ojú pátákó rẹ́. Báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ létòlétò.

Nítorí náà, nígbà tí Bàṣírátù ní kí n wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun, baba rẹ̀ fi iṣẹ́ rán mi. "Bàbá, ẹ̀yin nìkan ló máa gbọ́ tiyín. Kí wọ́n tó wọlé fún sáà tuntun, ẹ jẹ́ kó yí i padà sí nọ́ọ̀sì. Bí kò bá yí i, kó máa bọ̀ nílé. N kò ní jẹ́ kó jókòó sílùú onílùú kó máa kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè pè lórúkọ."

Mo ní, "Fi sílẹ̀ fún mi." Ìdí tí mo fi lọ sí Áyálàǹdì nìyẹn.

Ìkúnlẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí nílẹ̀ náà ni ìtìjú. Bí mo ṣe yọ sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń dúró de àlejò ní pápákọ̀ òfuurufú, Bàṣírátù sáré wá, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sílẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ kú ewu. Ẹ kú ìrìn." Inú mi dùn. N kò tíì gbé ọwọ́ lé e lórí tí obìnrin òyìnbó arúgbó kan fi ju àpò rẹ̀ sílẹ̀, tó di ọmọ náà mú lábíyá, tó ń gbé e dìde. Ó rò pé ó ṣubú ni. Obìnrin kejì sá lọ gbé omi. Ọkùnrin kan ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo tì í.

"Ó ń kí mi ni," mo sọ fún wọn.

Obìnrin náà ní, "Ìyẹn náà dára, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ńkọ́?"

Wọn kò fi wá sílẹ̀ títí Bàṣírátù fi mu omi náà. Ìgbà tí a jáde síta, òjò ń rọ̀. Mo sọ fún awakọ̀ tó wá gbé wa pé òjò yìí mà pọ̀. Ó wo ojú ọ̀run, ó ní òjò kọ́ nìyí, ọjọ́ dára lónìí. Aṣọ mi ti rin gbingbin. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bínú kí n tó dé ilé.

Tíì

Ìlú kékeré kan létí òkun ni ọmọ náà ń gbé. Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Tọ́ọ̀mù, ni aládùúgbò rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, ó wá kí mi káàbọ̀. Mo fi tíì lọ̀ ọ́, ó ní rárá, òun ò fẹ́. Mo ní ó dáa. Òyìnbó ni, a ti gbọ́ pé bí òyìnbó bá ní òun ò fẹ́, kò fẹ́ náà nìyẹn. Mo bu tèmi, mo ń mu ún. Ó ń wò mí. Mo ń mu ún. Ó ń wo ife náà.

Bàṣírátù wọlé bá wa, ó sì kígbe lédè wa. "Ha, Bàbá! Kí ni wọ́n ń mu?"

"Ó ní òun ò fẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fi lọ̀ wọ́n?"

"Ẹ̀ẹ̀kan. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àbí kò gbọ́?"

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni níbí. Ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì, wọ́n kàn ń ṣe ojú ayé ni."

Ẹ gbọ́ ná. Mo kúrò ní Ẹdẹ, mo fò kọjá aginjù, mo fò kọjá òkun, mo lọ bá àwọn tó ń ṣe ojú ayé jù wá lọ. Nígbà tí mo lọ kí i nílé tirẹ̀, èmi náà ní n kò fẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a tọ́ dáadáa. Ó tún fi lọ̀ mí, mo tún kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ń bá a lọ, òǹgbẹ sì ń gbẹ àwa méjèèjì.

Oúnjẹ wọn, n kò ní sọ púpọ̀. Wọ́n ń jẹ pòtétò. Wọ́n ń sè é, wọ́n ń dín in, wọ́n ń gún un, wọ́n á tún gbé e sínú ọbẹ̀ kí ó lọ bá pòtétò mìíràn. Ata kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa Tọ́ọ̀mù. Nígbà tó gbọ́ pé a kì í jẹ ẹran tí Mùsùlùmí kò pa, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú kejì, ó ra ẹran lọ́wọ́ alápatà Mùsùlùmí, ó sè é, ó sì gbé e wá pẹ̀lú ìwé kékeré tí alápatà náà fún un, kí n lè rí i dájú. Mo jẹ ẹ́. Kò ní iyọ̀. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ohun kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń bí mi nínú. Bí o bá bi í pé báwo ni ara, á ní "gírándì." Ó ń wúkọ́, gírándì ni. Ó fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí bàtà, gírándì ni. Mo ṣàlàyé fún un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé ohun ńlá, ohun ọlọ́lá, ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì bá ọwọ́ tó gé mu. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo béèrè ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí nǹkan, òun wà ní gírándì.

Ìbéèrè kan ṣoṣo

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo pe Bàṣírátù jókòó. Mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sínú ìwé, ní ẹsẹẹsẹ.

"Bàṣírá, dá mi lóhùn ní gbólóhùn kan. Iṣẹ́ wo lo fẹ́ ṣe?"

Ó ronú. "Bàbá, mo fẹ́ mọ ìdí tí nǹkan fi ń rí bó ṣe ń rí láàárín àwọn èèyàn, kí a lè tún un ṣe."

"Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin ń bi ìyá rẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ọmọ ọdún mẹ́rin ló gbọ́n jù nílé."

"Má fi ọ̀rọ̀ mi dá mi lóhùn."

Ó wá ṣàlàyé iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Ilé ìwòsàn kan wà nílùú náà, tí àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ máa ń fi fóònù pe àwọn àgbàlagbà tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá, láti mọ bí ara wọn ṣe rí. Nínú ìwé wọn, kò sí àwọn tí ara wọn le tó àwọn arúgbó ilẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, àwọn arúgbó yìí kan náà ni wọ́n ń gbé dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tó bá ti bọ́ sórí. Kí ló fà á? Ẹni tó mọ ìṣirò nìkan nínú ẹgbẹ́ wọn sọ pé ìwé ti fi hàn pé ara wọn le, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó mọ òfin nìkan ní kò sí òfin tí wọ́n rú.

"Bí o bá jẹ́ nọ́ọ̀sì," mo ní, "wàá máa wò wọ́n sàn, dípò kí o máa ka ìwé nípa wọn."

"Bàbá, ẹni tó bá sọ pé ara ń dun òun ni n ó wò sàn."

Mo ní ìyẹn náà tó. Mo bá a wí pé ó ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Mo sọ ohun tí baba rẹ̀ wí: kó yí i padà, tàbí kó máa bọ̀ nílé. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́, ó lọ fọ abọ́. Mo gbọ́ tí omi ẹ̀rọ ń ṣàn fún ìgbà pípẹ́, ju bí abọ́ méjì ṣe gbà lọ.

A dúpẹ́

Ó yẹ kí n sọ pé Bàṣírátù ti fi orúkọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì náà gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà tó wá lo ìsinmi. Ó sì yẹ kí n sọ pé láti ọjọ́ kẹwàá tí mo dé ni ẹsẹ̀ òsì mi ti ń wú. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi le bí igi, ó sì gbóná. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àlejò kì í kó ìdààmú bá onílé, pàápàá ọmọ tí mo wá bá wí.

Nọ́ọ̀sì kan pè, ó béèrè pé báwo ni ara. Mo ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nọ́ọ̀sì kejì pè lọ́jọ́ kejì, ó béèrè bóyá ibì kankan ń dùn mí. Mo ní kò sí ohun tó ju agbára Ọlọ́run lọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ má sọ pé irọ́ ni mo pa. Ẹ̀yin náà, bí ẹnì kan bá bi yín pé báwo ni ara, kí lẹ máa ń sọ? Ìkíni ni wọ́n kí mi, mo sì dá wọn lóhùn ìkíni.

Nígbà tí ẹ̀kẹta pè, mo tẹ fóònù náà kó sọ̀rọ̀ síta, nítorí pé etí mi kan kò gbọ́ dáadáa mọ́. Bàṣírátù ń lọ aṣọ. Nọ́ọ̀sì béèrè bóyá mo ń rìn dáadáa. Mo ní a dúpẹ́. Mo rí i tí ọmọ náà gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ìrun Àsùbáà òní, ìdúró lẹ kí i, àbí ìjókòó?"

Mo wo ilẹ̀. Ẹ wo irú ìbéèrè! Èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ pamọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó kí ó parọ́ nípa ìrun?

"Ìjókòó."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ Alàmísì."

Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé bàbá òun ti jókòó kírun fún ọjọ́ mẹ́rin, pé ẹni bíi tiwọn kì í jókòó kírun bí wọ́n bá lè dúró. Ohùn nọ́ọ̀sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Ó béèrè nípa wíwú, nípa gbígbóná, nípa bí mo ṣe jókòó pẹ́ tó nínú ọkọ̀ òfuurufú. Kí n tó rí fìlà mi, ọkọ̀ ti dé.

Ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan ẹsẹ̀ mi. Dókítà fi ìka rẹ̀ tọ́ka ọ̀nà tí ì bá gbà láti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kò sì yára tọ́ka rẹ̀, kí n lè rí i dáadáa. Èmi tí mo ti ya àwòrán odò sójú pátákó fún ogójì ọdún, mo mọ ibi tí odò ń lọ.

Mo lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo àwọn aláìsàn tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni wọ́n wà ní gírándì. Mo bi nọ́ọ̀sì kan bí wọ́n ṣe ń mọ èyí tó ń kú lọ nínú wọn. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn ará ilé wa nìyẹn. Oríṣiríṣi gírándì ló wà, a mọ gbogbo rẹ̀ láti kékeré. Ṣùgbọ́n ìdúpẹ́ tiyín, oríṣi kan ṣoṣo la máa ń gbọ́."

Mo ronú lórí ìbéèrè ọmọ yẹn lórí ibùsùn. Mo wá ibi tó ti rí i. Kò sí nínú jọ́gíráfì. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nìkan, nítorí nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló bi mí. Kì í ṣe pé ó jẹ́ ọmọ Yorùbá nìkan, nítorí ọmọ Yorùbá pọ̀ nílùú náà tí àwọn arúgbó wọn ń jókòó kírun tí wọn kò sì rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ní láti mọ ohun tí ẹ̀sìn ń ṣe fún àgbàlagbà, kó mọ ìtìjú àlejò, kó mọ bí fọ́ọ̀mù ìjọba ṣe ń gbọ́ èsì, kó sì fura sí iye tí ìwé kọ sílẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà, kí áyọ́ọ̀nù tó jó aṣọ. Inú bí mi. Inú bí mi pé mo ti dá tíṣà ìtàn dúró sẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ta ló mọ ohun tí ì bá sọ ká ní mo jẹ́ kó wọlé?

Mo bi Bàṣírátù lọ́jọ́ tí mo jáde: "Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n ń pe ìyẹn?"

"Bàbá, n kò tíì mọ̀."

Ó tún bí mi nínú. Ṣùgbọ́n n kò sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì mọ́.

Ìbéèrè Kàmórù

Nígbà tí mo padà dé Ẹdẹ, Kàmórù kò jẹ́ kí n mu omi tán. Ìyá rẹ̀, ìyàwó mi, gbé omi náà wá, ó jókòó sórí àga lẹ́bàá ògiri, ó fi ìró bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ó ti yí i padà?"

"Kò yí i padà. Èmi ni mo ní kó má yí i."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe sọ ọ́ níhìn-ín. Ó gbọ́ ọ títí dé ibi dókítà, ó sì na ọwọ́ sókè bí ẹni tó jàre ẹjọ́. "Ẹ ò rí i! Nọ́ọ̀sì ló gbà yín sílẹ̀! Nọ́ọ̀sì náà ni mo ní kó ṣe! Bàbá, ẹ̀yin náà ń gbè mí láìmọ̀."

"Nọ́ọ̀sì mọ ẹsẹ̀ mi, Kàmórù. Kò mọ̀ mí. Mo fẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo tún fẹ́ ẹni tó máa sọ fún nọ́ọ̀sì ohun tó gbọ́dọ̀ béèrè."

"Ta ló máa gbà á síṣẹ́? Kí la ó máa pè é? Nọ́ọ̀sì la mọ̀. Lọ́yà la mọ̀."

"N kò mọ ohun tí a ó máa pè é."

"Bàbá!"

"Mo ní n kò mọ̀! Kí n purọ́ ni?"

Ó ń mí bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì. Mo mọ̀ pé ó lè ní kí ọmọ náà máa bọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, òun ni baba rẹ̀. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, bóyá láti wá ẹni tó máa gbè é.

"Ìyá, ẹ ń gbọ́ bàbá? Ẹ̀yin ńkọ́, ara yín le?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi."

Ó fẹ́ tún kọjú sí mi. Kò kọjú sí mi. Ó ń wo ìyá rẹ̀, ó ń wo ìró tó bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi ní oko ẹ̀gẹ́ kékeré kan lọ́nà Sẹ̀kọnà, tí òun kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìdé ibẹ̀, tí òun àti èmi sì ti ń jà lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

"Ìyá," Kàmórù ní, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀, "ìgbà wo lẹ dé oko kẹ́yìn?"

Ìyàwó mi wò mí bí ẹni tó fẹ́ mọ bóyá èmi ni mo tú àṣírí. Mo gbọnrí. Oṣù méjì ni n kò sí nílé. N kò mọ nǹkan kan.

"Ta ló sọ fún ọ?" ó ní.

Kàmórù fa fóònù rẹ̀ yọ. Mo gbọ́ tó ń dún, mo gbọ́ ohùn ọmọ náà, tó ń kí baba rẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Baba rẹ̀ kò jẹ́ kó kí i tán.

"Bàṣírá, ìyá àgbà ò lọ oko mọ́, wọ́n sì ń sọ fún mi pé àwọn dúpẹ́. Ìbéèrè wo ni kí n tún bi wọ́n?"